Báwo ni wọ́n ṣe ń wọn ìtóbi ìràwọ̀ láti ayé níbí? Rédíò mọ́tò lábẹ́ bíríjì Sango lè jẹ́ kó yé yín

Ìràwọ̀ kan wà tó máa ń gba ọ̀gangan orí àwọn ará Ọ̀tà kọjá lásìkò ọyẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ni kò mọ orúkọ rẹ̀. Betelgeuse ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Ní ìparí oṣù Kìn-ín-ní, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, tí ọyẹ́ kò bá bo ojú sánmà, tí iná àwọn iléeṣẹ́ kò sì mọ́lẹ̀ jù, ẹ gbójú sókè. Ẹ máa rí ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò lẹ́sẹẹsẹ lórí ìlà kan. Ẹ yíjú díẹ̀ sí apá àríwá wọn. Èyí tó mọ́lẹ̀ tó sì pọ́n díẹ̀ níbẹ̀ ni Betelgeuse. Tó bá dé òkè pátápátá, kò tó dìgírì kan tó fi yà kúrò ní àtàrí ẹni tó dúró ní Sango.

Lójú wa, kò ju ẹ̀ta iná kékeré lọ. Àmọ́ ká ní wọ́n gbé e sí ibi tí oòrùn wà ni, inú ikùn rẹ̀ ni ayé yìí ì bá wà, Mars tó jìnnà sí oòrùn ju ayé lọ náà kò ní yọ. Fífẹ̀ rẹ̀ ju ìlọ́po 500 ti oòrùn lọ, oòrùn fúnra rẹ̀ sì fẹ̀ tó ayé ní ìlọ́po 109.

Ta wá ló gbé téèpù lọ síbẹ̀? Kò sẹ́ni tó lọ. Ìmọ́lẹ̀ gan-an, tí kò sí ohun tó yára tó o, ń lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kó tó ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Orí ilẹ̀ ayé níbí ni wọ́n dúró sí tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ti ṣe é láti ọdún 1920.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe é ni wọ́n ń pè ní interferometer. Orúkọ náà le lẹ́nu, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ẹni tó bá ti gbọ́ rédíò nínú mọ́tò rí.

Kí ló dé tí awò ńlá kan kò fi tó?

Èèyàn lè rò pé tí wọ́n bá ti rọ awò ńlá tí wọ́n fi ń wo sánmà, èyí tí wọ́n ń pè ní tẹlisíkóòpù, ìràwọ̀ yóò tóbi lójú. Kò rí bẹ́ẹ̀, ìdí méjì ló sì fà á.

Àkọ́kọ́ ni pé ìràwọ̀ jìnnà kọjá àfẹnusọ. Òṣùpá tí à ń wò yìí, ìdajì dìgírì kan ni ó gbà lójú ọ̀run. Ẹ mú dìgírì kan, ẹ pín in sí 3,600. Betelgeuse kò tó ìdá kan nínú ogún ti ẹyọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá to irú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó máa tó 38,000 kí wọ́n tó fẹ̀ tó òṣùpá. Ẹ wò ó báyìí: ó dà bí ẹni tó dúró ní Ọ̀tà, tó fẹ́ mọ fífẹ̀ tábìlì tó lé díẹ̀ ní mítà kan, tí tábìlì ọ̀hún sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Bẹ́ẹ̀ Betelgeuse wà lára àwọn ìràwọ̀ tó fẹ̀ jù lójú ọ̀run. Ti Sirius, ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lọ ní alẹ́, kéré sí i: ti tiẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ èèyàn ní Lọ́ńdọ̀nù lọ.

Ìdí kejì ni afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá wo títì Ìdí-Ìrókò lọ́sàn-án gangan á rí i pé ojú ọ̀dà máa ń gbọ̀n rìrì nítorí ooru, mọ́tò tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán á dà bíi pé ó ń lúwẹ̀ẹ́. Bákan náà ni afẹ́fẹ́ tó bo ayé ṣe ń gbọn ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀. Òun ló ń jẹ́ kí ìràwọ̀ máa ṣẹ́jú. Ìgbọ̀n náà máa ń fẹ ìràwọ̀ lójú ju bó ṣe yẹ lọ, débi pé ohun tí awò ńlá rí kì í ṣe ìràwọ̀ gan-an, ìmọ́lẹ̀ tó ti fọ́n ká ni.

Rédíò tó ń ṣe ‘ṣàà’ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ

Ẹ jẹ́ ká fi ìràwọ̀ sílẹ̀ ná, ká sọ̀kalẹ̀ wá sí títì márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lábẹ́ bíríjì Sango mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìròyìn ń lọ geere lórí FM, lójijì ó di ‘ṣàà’. Awakọ̀ á fọwọ́ gbá rédíò, á ní bóyá wọ́n ti mú iná lọ ní iléeṣẹ́ rédíò. Mọ́tò iwájú á sún, tiẹ̀ náà á sún ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ kan, ohùn á sì padà kedere.

Iléeṣẹ́ rédíò kò ṣe nǹkan kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀nà méjì ni ohùn náà gbà dé ọ̀dọ̀ mọ́tò. Ọ̀kan ti orí òpó wá tààrà. Èkejì lọ kọlu páànù iléeṣẹ́ tàbí ara tírélà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ta padà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé. Ìgbì ni àwọn méjèèjì, bí ìgbì omi. Ó ní ibi tó ga, ó ní ibi tó rẹlẹ̀. Níbi tí gíga bá ti pàdé gíga, ohùn á lágbára sí i. Níbi tí gíga bá ti pàdé rírẹlẹ̀, wọ́n á pa ara wọn, ‘ṣàà’ ló máa kù. Ìgbì FM kan gùn tó nǹkan bíi mítà mẹ́ta, ìdí nìyẹn tí sísún díẹ̀ fi ń tó láti bọ́ kúrò níbi tó kú sí ibi tó yè.

Ìmọ́lẹ̀ náà jẹ́ ìgbì, irú ẹbí kan náà ló sì bá ti rédíò ṣe. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ó kúrú gidi gan-an. Inú mílímítà kan ṣoṣo ni nǹkan bí 1,700 ìgbì ìmọ́lẹ̀ lè tò sí. Tí wọ́n bá gba ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan láti ọ̀nà méjì, tí wọ́n sì pa á pọ̀ lójú kan, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí rédíò lábẹ́ bíríjì á ṣẹlẹ̀ sí i: ibì kan á mọ́lẹ̀, ibi tó tẹ̀ lé e á ṣókùnkùn, ìlà funfun, ìlà dúdú, bí aṣọ òfì.

Alẹ́ tí ìlà náà parẹ́

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejìlá, ọdún 1920, lórí òkè Mount Wilson ní California, wọ́n lo ọgbọ́n yìí fún Betelgeuse. Albert Michelson ló gbé ètò náà kalẹ̀, ará Amẹ́ríkà tó ti gba àmì ẹ̀yẹ Nobel fún fisíìsì ní 1907. Francis Pease wà nídìí ẹ̀rọ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Awò tó wà níbẹ̀ nígbà náà ni ó tóbi jù láyé, dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà méjì ààbọ̀. Síbẹ̀, wọ́n mọ̀ pé òun nìkan kò lè dá a ṣe. Wọ́n gbé irin gbọọrọ kan tó gùn tó mítà mẹ́fà dábùú iwájú rẹ̀. Wọ́n fi díńgí kékeré kan sí apá ọ̀tún, wọ́n fi ọ̀kan sí apá òsì. Díńgí méjèèjì ń gba ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan náà, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sínú awò, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ méjèèjì ti ń pàdé. Díńgí méjèèjì ṣeé sún kúrò lọ́dọ̀ ara wọn.

Ibi tí ọgbọ́n wà gan-an rèé. Ìràwọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe ìlà funfun àti dúdú tirẹ̀. Tí díńgí méjèèjì bá sún mọ́ra, ìlà ti ọ̀tún àti ìlà ti òsì máa ń lé ara wọn lórí rẹ́gí, èèyàn á sì rí wọn kedere. Bí wọ́n ṣe ń sún díńgí jìnnà síra, ìlà ti ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ kúrò lórí ti òsì. Ẹ fi ọkàn yàwòrán aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tó nílà funfun àti dúdú, tí wọ́n tẹ́ sórí ara wọn. Ẹ fa ti òkè díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Tó bá dé ibì kan, dúdú ti òkè á bo funfun ti ìsàlẹ̀, kò ní sí ìlà mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí àlàfo àárín díńgí méjèèjì tó nǹkan bíi mítà mẹ́ta, ìlà Betelgeuse parẹ́. Wọ́n yí awò sí ìràwọ̀ mìíràn tó kéré jù ú lọ láti wò ó bóyá ẹ̀rọ ló bàjẹ́, ìlà ti ìràwọ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ nígbà náà pé kì í ṣe ẹ̀rọ, fífẹ̀ Betelgeuse ló pa ìlà náà rẹ́.

Ìṣirò tó kù kò ju ti ọmọ girama lọ. Ẹ fi àlàfo àárín díńgí pín gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀, ẹ sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 1.22 nítorí pé ìràwọ̀ rí róbótó. Èsì náà ni ìwọ̀n igun tí ìràwọ̀ gbà lójú ọ̀run. Tí ẹ bá wá mọ bó ṣe jìnnà tó, ẹ ti mọ bó ṣe fẹ̀ tó. Ìwọ̀n igun tí wọ́n rí ní 1920 kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti òde òní. Ìjìnnà ìràwọ̀ náà ni àwọn onímọ̀ ṣì ń tún ṣírò títí di ìsinsìnyí.

Ìràwọ̀ tó fẹ̀ máa ń pàdánù ìlà rẹ̀ kíákíá. Ìràwọ̀ tó kéré á fẹ́ kí àlàfo náà gùn sí i. Ìdí nìyẹn tí irin mítà mẹ́fà kò fi lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ìràwọ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn oní rédíò ni ọgbọ́n kejì ti wá

Ìṣòro ọ̀nà ti Michelson ni pé ìmọ́lẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ rin ìrìn tó dọ́gba. Kí irin gbọ̀n díẹ̀ báyìí, kódà kí ó má tó fífẹ̀ irun orí, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Bí àlàfo bá ṣe ń gùn sí i ni wàhálà ń pọ̀ sí i.

Robert Hanbury Brown ló rí ọ̀nà mìíràn gbà. Iṣẹ́ rédà ló ṣe nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lẹ́yìn náà ló bọ́ sídìí fífi rédíò wo sánmà ní Jodrell Bank ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun àti Richard Twiss ní kò pọn dandan kí wọ́n da ìmọ́lẹ̀ gan-an pọ̀. Kí díńgí kọ̀ọ̀kan sọ ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ di iná mànàmáná níbi tó wà, kí wọ́n wá fi wáyà gbé méjèèjì pàdé, kí wọ́n wò bóyá lílọsókè àti bíbọ̀wálẹ̀ wọn bára mu.

Ẹ rántí òjò lórí páànù. Òjò kì í rọ̀ lọ́gbọọgba, atẹ́gùn máa ń gbé e wá lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Páànù ilé méjì tó fara kanra á pariwo pọ̀, wọ́n á sì rọlẹ̀ pọ̀. Ti ilé méjì tó jìnnà síra kò ní bára mu. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀. Bí wọ́n ṣe ń sún díńgí méjèèjì kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, ìbáramu náà á máa dín kù. Ibi tó bá ti dín kù ló máa sọ fífẹ̀ ìràwọ̀.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ fisíìsì kò gbà á gbọ́. Àwọn méjèèjì wá iná ńlá àwọn ológun méjì, irú èyí tí wọ́n fi ń tan ìmọ́lẹ̀ wá ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá lóru, wọ́n sọ díńgí inú rẹ̀ di ojú tí wọ́n fi wo Sirius. Èsì rẹ̀ jáde ní 1956. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ ńlá rẹ̀ sí Narrabri ní Australia, díńgí ràgàjì méjì tó ń rìn lórí ojú irin róbótó tó fẹ̀ tó mítà 188. Ìràwọ̀ 32 ni wọ́n wọ̀n níbẹ̀.

Àǹfààní wo ló wà nínú rẹ̀?

Ẹni tó ń ronú owó epo àti owó ilé lè bèèrè pé kí ni tòun nínú ìtóbi ìràwọ̀. Ìdáhùn kan wáyé láìpẹ́ yìí. Ní ìparí ọdún 2019 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2020, ìmọ́lẹ̀ Betelgeuse ṣàdédé rẹ̀ wálẹ̀ gan-an, débi pé ẹni tó ń wo sánmà lójú lásán mọ̀ ọ́n. Káàkiri ayé ni wọ́n ti ń bèèrè: ṣé ìràwọ̀ náà fẹ́ bú gbàmù ni?

Ní Chile, ní gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n pa ìmọ́lẹ̀ tẹlisíkóòpù mẹ́rin pọ̀, wọ́n tún ìràwọ̀ náà wọ̀n. Fífẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Kejì 2020 fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú èyí tí wọ́n wọ̀n ní oṣù Kìn-ín-ní 2019. Kò sún kì. Èyí pẹ̀lú àwòrán tí wọ́n yà ló jẹ́ kí wọ́n sọ pé eruku tí ìràwọ̀ náà tú síta ló bo apá kan ojú rẹ̀, bí èéfín ṣe ń bo iná. Lóòótọ́, Betelgeuse máa bú lọ́jọ́ kan, ó sì lè ku ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún. Ó jìnnà débi pé kò ní ṣe ayé ní jàǹbá. Àmọ́ láìsí ẹni tó wọ̀n ọ́n, ẹnu lásán ni gbogbo ènìyàn ì bá máa sọ.

Àǹfààní mìíràn tún wà. Tí wọ́n bá mọ fífẹ̀ ìràwọ̀ àti bó ṣe ń tàn tó, wọ́n lè ṣírò bó ṣe gbóná tó. Àwọn ayé mìíràn tó ń yí ìràwọ̀ ká náà, nígbà tí wọ́n bá kọjá níwájú rẹ̀, wọ́n máa ń ṣíji díẹ̀ bò ó. Ẹni tí kò mọ ìtóbi ìràwọ̀ kò lè mọ ìtóbi ayé tó ṣíji bò ó.

Namibia ti ṣe é, Ghana ti bẹ̀rẹ̀

Kì í ṣe òkè òkun nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Namibia, awò ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní H.E.S.S., iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n sì kọ́ ọ fún. Ní oṣù Kẹrin 2022, wọ́n mú méjì nínú àwọn tẹlisíkóòpù rẹ̀, wọ́n lo ọgbọ́n Hanbury Brown, wọ́n sì wọn ìràwọ̀ méjì, Shaula àti Nunki.

Èyí tó sún mọ́ wa jù wà ní Kuntunse, lẹ́bàá Accra. Àwo rédíò ńlá kan wà níbẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà 32. Ìpè tẹlifóònù ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ń fi gbà látorí sátẹ́láìtì tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, Ghana kò tà á fún àwọn oní-páǹtí. Wọ́n bá South Africa ṣe é, wọ́n sọ ọ́ di ojú tó ń wo sánmà. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹjọ, 2017, Ààrẹ Nana Akufo-Addo ṣí i. Kì í ṣe ìtóbi ìràwọ̀ bíi Betelgeuse ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, àmọ́ ọgbọ́n ojú méjì tó jìnnà síra kan náà ló wà ńbẹ̀. Wọ́n lè so ó pọ̀ mọ́ àwọn àwo mìíràn tó wà ní ilẹ̀ mìíràn, kí àlàfo àárín wọn tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà.

Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ni South Africa bá dòwò pọ̀ lórí ètò yìí: Botswana, Ghana, Kenya, Madagascar, Mauritius, Mozambique, Namibia àti Zambia. Kò sí orúkọ Nàìjíríà níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ Nàìjíríà náà kọ́ irú àwo bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti Ọ̀tà lọ sí Abẹ́òkúta, tó gba Igbó-Ọrà kọjá, á dé Lánlátẹ̀ ní Ìbàràpá. Ibẹ̀ ni ibùdó sátẹ́láìtì tí ìpè ilẹ̀ òkèèrè ń gbà wọlé nígbà ayé NITEL. NITEL ti kógbá sílé.

Ohun tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́ kò ṣàjèjì ní àdúgbò wa: irin tó tọ́, mọ́tò tó ń yí i, wáyà, ẹni tó mọ iná mànàmáná, àti ẹni tó mọ ìṣirò. Ọ̀tà ní àwọn tó ń rọ irin lọ́sàn-án àti lóru. Yunifásítì Covenant àti Bells wà níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ohun tó ṣẹ́ kù ni ìpinnu, irú èyí tí Ghana ṣe lórí àwo tí kò níṣẹ́ mọ́. Ìjọba àti àwọn fásitì ló lè dáhùn ìyẹn. Ọmọ girama tó bá mọ ìdí tí rédíò fi ń ṣe ‘ṣàà’ lábẹ́ bíríjì lè bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè lọ́wọ́ wọn láti òní.